Ẹrù Tó Dúró sí Ojú Sánmà

Bí wọ́n bá bi mí nílé pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe ní Dùbáì, mo máa ń dáhùn pé ọwọ́ ni mo fi ń bá irin sọ̀rọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà mi. Àwàdà kọ́. Ìdí kíréènì ni mo máa ń dúró sí. Èmi ni mo ń so ẹrù mọ́ ìkọ́ rẹ̀, èmi náà ni mo ń júwe fún ẹni tó ń wà á lókè ibi tó máa gbé e gbà àti ibi tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Yàrá gíláàsì kékeré kan ni ẹni yẹn máa ń jókòó sí ní òkè réré, lọ́pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ rí ohun tó ń gbé. Ojú mi ló fi ń ríran.

Ará Arandun ni mí, bíríkìlà sì ni mí kí n tó kúrò nílé. Òmù-Àrán la ti máa ń rí iṣẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń kọ́lé sí. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọjọ́ ńlá ni. Gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tó bá lápá ló máa yọjú. A ó tò láti ìdí ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré títí dé òkè, a ó máa gbé abọ́ kọnkéré fún ara wa lọ́wọ́, ẹnìkan á máa lé orin, àwa yòókù á máa gbè é, ìrẹsì á sì máa hó níwájú ilé. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọrùn ẹni á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká. A ó jẹun, a ó bú ara wa, a ó sùn bí òkú igi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibi iṣẹ́ ní Dùbáì, mo rí kíréènì kan tó gbé garawa ńlá kan tó kún fún kọnkéré kọjá lórí wa, ó da gbogbo rẹ̀ sí òkè ilé, ó sì padà wá gbé òmíràn kí n tó rí ẹni tí mo máa bi pé kí nìyẹn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko fún gbogbo wa nílé ló ṣe níṣojú mi. Àwọn tí a jọ dé ń pariwo pé ayé ti dé ibi tó dé. Èmi ò pariwo. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní nínú ọkàn mi pé bí irin bá lè ṣe èyí láìlágùn, láìkọrin, kí ni wọ́n wá fẹ́ fi wá ṣe níbí? Kò pẹ́ kí n tó mọ̀. Irin yẹn ò lè so ẹrù mọ́ ara rẹ̀, kò sì mọ̀ bí ènìyàn bá dúró sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n kó wa sí, nínú àwọn ilé gbọọrọ tí a ń sùn sí lórí àwọn ibùsùn tí wọ́n gbé lé orí ara wọn. Tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, a ó ti jókòó sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, a ó máa dúró de ọkọ̀. Eruku sìmẹ́ńtì ti àná á ṣì wà lára aṣọ wa, kò ní sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àárọ̀ kan ni mo gbójú sókè tí mo rí gbogbo wa bẹ́ẹ̀, ara mi sì bù máṣọ. Àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ni mo rí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó wa lọ wò wọ́n, bí wọ́n ṣe jókòó jọ nínú ilé kan, tí ojú wọn ń wo iwájú. Tíṣà wa ní àlejò ni wọ́n, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti di òkúta. Nígbà yẹn, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ìgbà tí a máa jẹun lọ. Ní Dùbáì ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá àwọn ará ilé wọn mọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹni tí kò jẹ́ kí èmi náà di òkúta ni Rafíù. Agbolé kan náà ni wọ́n bí wa sí, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ó ti dé Dùbáì ṣáájú mi. Katapílà ló ń wà nílé, ìyẹn ló fi rí kíréènì kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n wà débi pé àwọn òyìnbó ń wá a kiri. Òun ló bá mi bẹ ọ̀gá wa pé kí wọ́n fi mí sí ìdí kíréènì tòun. Láàárọ̀, á gun àkàsọ̀ inú òpó irin yẹn lọ sókè, tòun ti oúnjẹ àti omi, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, inú ike ló máa ṣe é sí. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wa nílé bá ń ránṣẹ́ pé a ti di olówó, èmi a máa sọ fún un pé kó ya fọ́tò ike yẹn ránṣẹ́ sí wọn.

Rédíò ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ibi iṣẹ́ wí, Gẹ̀ẹ́sì náà la sì máa ń sọ bí ọ̀gá bá wà nítòsí. Bó bá ti yí ẹ̀yìn báyìí, Ìgbómìnà ló kù. Èmi a pè é ní ará òkè, òun náà a pè mí ní ará ìsàlẹ̀. Bí ẹrù bá ti fẹ́ kanlẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé, "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́," òun náà á sì tún un sọ padà láti òkè kí n lè mọ̀ pé ó gbọ́. Ó lè sọ ìdì irin kalẹ̀ débi pé wàá fi ẹyin adìẹ sábẹ́ rẹ̀, kò sì ní fọ́. Mi ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ la kì í ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun, ìyá Rafíù á pè. Bàbá Rafíù ti kú tipẹ́, Rafíù nìkan ṣoṣo ni ọmọ tí ìyá náà ní tó yè. Ìyá Rafíù kì í béèrè nǹkan lórí fóònù, àdúrà ló máa ń ṣe. Rafíù á tẹ fóònù kó lè máa dún síta, àwa méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ibùsùn bí ẹni pé ìyá ń rí wa. Á ní Ọlọ́run á ṣọ́ wa lórí irin àti nísàlẹ̀ irin. Àmín. Á ní ibi tí ẹsẹ̀ wa bá tẹ̀, kò ní yọ̀. Àmín. Á ní bí a ṣe lọ ní méjì, méjì la máa padà wọlé láyọ̀. Èyí ni àmín rẹ̀ máa ń gùn jù, torí Rafíù á máa fa tirẹ̀ bí ti lèmọ́mù kí ìyá rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín.

Ní àkókò yẹn, ojú ìyá náà ti ń ṣú. Nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ojú ní Ìlọrin ní iṣẹ́ abẹ tí kò le ni, kó tètè wá. Ìyá ní òun ò lọ. Ó ní Rafíù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìsinmi, pé òun fẹ́ kó jókòó síwájú òun lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú báńdéèjì náà, kó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni òun máa kọ́kọ́ rí. Rafíù ní ìyá òun ti fẹ́ fi òun ṣe dígí. A rẹ́rìn-ín sí i. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ìdì irin la ń gbé, àwọn ọ̀pá tí wọ́n máa ń tò sínú kọnkéré. Ọ̀sán gangan ni. Rafíù ti ń sọ láti àárọ̀ pé ooru òní yàtọ̀. Mo so ìdì náà, mo fà á wò, mo ní kó máa gbé e lọ. Ó gbé e. Ó kọjá òkè ilé tí a ń kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀. Mo ní kó máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró.

Kíréènì ní ọgbọ́n kan. Bí ọwọ́ awakọ̀ bá ti kúrò lára ọ̀pá tó fi ń darí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dúró sójú kan, kò ní já ẹrù sílẹ̀. Ìdì irin náà dúró sí ojú sánmà lókè orí wa, kò gòkè, kò sọ̀, ó kàn ń mì díẹ̀. Mo pè é lórí rédíò. Mo ní ará òkè, kí ló dé? Mo pè é lórúkọ. Mo ki oríkì rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń kì í, níwájú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Rédíò ń dún ṣààà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kúrò lábẹ́ irin yẹn, gbogbo ojú wà lókè, mo sì mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè lọ wò ó ni mo ti mọ̀.

Ọkàn rẹ̀ ló dúró, bí dókítà ṣe wí nígbà tó yá. Àwọn tó gun òkè lọ ní ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó fi orí ti gíláàsì bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀. Àkàsọ̀ inú òpó yẹn tóóró, wọn ò lè gbé e gba ibẹ̀. Kíréènì kejì ló máa ní láti gbé àgò irin kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ yàrá gíláàsì náà, kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀gá wa fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó ní kí n lọ jókòó, pé ẹlòmíràn máa júwe. Mo ní rárá. Ó ní mi ò lè ṣe é. Mo ní èmi ni mo máa ń bá a sọ ẹrù kalẹ̀, èmi náà ni mo máa sọ òun kalẹ̀, bó bá fẹ́ kó lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la.

Ará Íńdíà ló ń wa kíréènì kejì, Jósẹ́ẹ̀fù lorúkọ rẹ̀, a kì í sábà sọ̀rọ̀. Mi ò lo rédíò. Mo dúró síbi tó ti lè rí mi, mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì ń fi ọwọ́ sọ fún un. Àgò náà ń bọ̀. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀, ó fẹ́ yí, mo di ọwọ́ pọ̀ pé kó dúró. Ó dúró. Nígbà tí kò mì mọ́, mo tẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, wálẹ̀, ẹnu mi sì ń sọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, mo rìn lọ sábẹ́ rẹ̀, èyí tó lòdì sí òfin, mo sì fi ọwọ́ mi méjèèjì gbà á. Kò dún nígbà tó kanlẹ̀.

Àwọn àgbà ilé sọ lórí fóònù pé kí a sin ín síbẹ̀ bí Mùsùlùmí, kí a má gbé e kiri. A kírun sí i lára. Èmi nìkan ni ará ilé tó wà níbẹ̀.

Alàájì, àbúrò bàbá Rafíù, ló wá pè mí. Òun ni àgbà tó kù nínú ilé náà. Ó ní irú ọ̀rọ̀ yìí, lọ́dọ̀ wa, wọn kì í gba orí fóònù sọ ọ́ fún ìyá, àti pé kì í ṣe ẹnu ọmọdé ló ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá ìyá náà jà, òun àti àwọn àgbà yòókù máa wá ọjọ́ tó dára láti lọ jókòó tì í. Títí dìgbà náà, kí n sọ pé wọ́n ti gbé Rafíù lọ síbi iṣẹ́ kan nínú aṣálẹ̀, níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní, "Alàájì, ó tó ìgbà wo?" Ó ní kò ní pẹ́. Àgbà ni, mi ò lè bá a jiyàn.

Ó pẹ́. Ààwẹ̀ dé, wọ́n ní kò yẹ láti sọ ọ́ nínú ààwẹ̀. Iléyá dé, wọ́n ní ta ló máa ba ọdún jẹ́ mọ́ ìyá lọ́wọ́. Àwọn ẹrù Rafíù wà lọ́dọ̀ mi, fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá ò ríran tẹ nọ́ńbà mọ́, ibi tó mọ̀ lórí fóònù rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ, ti Rafíù ló sì mọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, fóònù òkú ló máa ń dún nínú báàgì lábẹ́ ibùsùn mi. N ó gbé e. N ó ní, "Ìyá, èmi ni o, Rafíù ò tíì dé." Á ní kò burú. Á bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Mo máa ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ títí a ó fi dé ibi àdúrà ìpadàbọ̀ wa. Nígbà tí ó bá ní bí a ṣe lọ ní méjì, méjì la máa padà wọlé, ẹnu mi á kọ̀. Mo gbìyànjú. Ọlọ́run ni a ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ìyá nìkan, ọwọ́ tí mo sì fi gba ọmọ yẹn ṣì wà lára mi. N ó dákẹ́. Á ní ó dàbọ̀ o, á pa fóònù.

Mo kórìíra gbogbo wọn nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo kórìíra Alàájì tó ń sún ọjọ́ síwájú. Mo kórìíra àwọn tó ń fi wọ́ọ̀tsáàpù bi mí pé ìgbà wo ni n ó ra mọ́tò. Mo kórìíra ilé tí a ń kọ́, torí ó ń ga sí i lójoojúmọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kíréènì Rafíù ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí iṣẹ́, wọ́n máa ń tú bíréèkì rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa yí i bó ṣe wù ú, torí bí wọ́n bá dè é, ìjì lè bì í ṣubú. Mo mọ èyí. Èmi ni mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀, n ó wà lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, n ó rí i lókèèrè tó ń yí díẹ̀díẹ̀, n ó sì dúró títí yóò fi kọjú sí apá ibi tí mo wà. Àwọn tí a jọ ń lọ á ní ṣé mo gbàgbé nǹkan ni.

Jósẹ́ẹ̀fù ni wọ́n gbé lọ sórí kíréènì Rafíù nígbà tó yá. Mo sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n fi mí síbòmíràn, kò gbà, ó ní ọwọ́ wa bá ara mu. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi máa ń dùn pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọjọ́ kan, gíláàsì ńlá kan ni a ń sọ kalẹ̀, mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gbọ́ lórí rédíò, láti òkè, "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́."

Mo sọ rédíò náà sílẹ̀. Gíláàsì náà dúró lókè. Nígbà tí mo gbé e padà, Jósẹ́ẹ̀fù ń bi mí ṣé kò sí. Ó ní lẹ́nu mi lòun ti gbọ́ ọ, pé mo máa ń sọ ọ́ láìmọ̀, ó sì rò pé orúkọ tí a ń pe ilẹ̀ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú mi. A sọ gíláàsì náà kalẹ̀, kò sí ibi tó sán. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún. Ó ní ní ìlú tòun náà, òun ní ìyá.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí kí ènìyàn máa kọ́ ilé tí kò ní wọ̀. Bí ilé bá ti parí, kíréènì kékeré kan á wá tú ńlá náà palẹ̀, wọ́n á dí ihò tó fi sílẹ̀, wọ́n á kó irin lọ. Àwọn tó bá wá gbé ibẹ̀ ò ní mọ ibi tí ó dúró sí. Nígbà tí mo bá ro ti ilé láti Dùbáì, mo máa ń rí i pé ibẹ̀ náà ti ń dí ihò tèmi. Àwọn ọmọ agbolé tí mo fi sílẹ̀ ti ga, lórí fóònù wọ́n ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá Dùbáì. Mi ò sí ní ibí, mi ò sí ní ọ̀hún. Ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé mo wà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá yẹn, níbi tó ti ń ka èmi àti Rafíù pọ̀.

Ìgbà tí mo fẹ́ gba ìsinmi ni Alàájì sọ fún mi pé dókítà ti ránṣẹ́. Ó ní bí ìyá ò bá wá kí òjò tó dé, ojú náà máa lọ pátápátá. Ìyá kọ̀ jálẹ̀, ó ní Rafíù ni òun ń dúró dè. Mo bi Alàájì pé ṣé a máa jẹ́ kí ó fọ́jú nítorí irọ́ tí a ń pa ni. Mo ní mò ń bọ̀ wálé, mo sì máa sọ ọ́ fúnra mi. Ó ní kò tọ́ sí mi. Mo ní mo mọ̀ pé kò tọ́ sí mi.

Arandun kò yí padà púpọ̀. Ọ̀kadà ló gbé mi wọ agbolé lọ́sàn-án. Alàájì dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti rù, ó dì mọ́ mi. Ó tẹ̀lé mi dé iwájú yàrá ìyá, ibẹ̀ ló dúró sí.

Ìyá jókòó sórí ẹní, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ìka rẹ̀ ló fi ń wá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá orí mi, ó kí mi, ó kì mí. Ó ní kí n jókòó. Ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè bí ooru ibẹ̀ ṣe rí, ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Kò béèrè Rafíù. Mo rí i pé kò ní béèrè.

Mo ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo bá wá."

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí o kò ti ṣe àmín sí àdúrà ìpadàbọ̀ mọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ará ilé tó máa ń wà lọ́dọ̀ mi níbí ń ṣe tiwọn, ó tilẹ̀ ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwọ nìkan lo dákẹ́."

Ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ó ní Alàájì máa ń wá, á jókòó, á sọ̀rọ̀ iṣu, á sọ̀rọ̀ òjò, á mí kanlẹ̀, á dìde. Ó ní àánú rẹ̀ ń ṣe òun, ìdí nìyẹn tí òun fi ń sọ pé òun ń dúró de Rafíù, kó má baà di dandan fún un láti sọ ọ́. Mo bi í pé ojú rẹ̀ ńkọ́. Ó ní kí ni òun fẹ́ là á wò.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀gúsí. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn.

"Ṣé láti òkè yẹn ló ti já bọ́?" ló bi mí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Mo dijú, mò ń rí i. Mo lajú, mò ń rí i. Ó ń já bọ́, kò sì kanlẹ̀."

Ọlọ́run mi. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ro ìyẹn. Gbogbo oṣù tí a fi ń pa á mọ́ fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń já bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé kò já bọ́.

Mo ní, "Kò já bọ́, Ìyá. Orí àga rẹ̀ ló wà, ó jókòó. Èmi ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí mi ò tíì sọ fún ará ilé kankan. Nígbà tí mo dé ibi àgò irin yẹn, ọ̀rọ̀ ò tó mọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí mo ṣe tẹ́ tèmi lọ́jọ́ náà, mo ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí ó fi kan ẹní. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Nígbà náà ló sunkún, ó sun ún síta, àwọn obìnrin agbolé sì ń sáré jáde. Alàájì wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun náà ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, ìyá fi aṣọ nu ojú, ó yíjú sí apá ibi tó ti gbọ́ ohùn Alàájì.

"Alàájì, ẹ mú mi lọ sí Ìlọrin," ló wí. "Mo fẹ́ rí ẹni tó gba ọmọ mi."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tú báńdéèjì náà, nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó sí iwájú rẹ̀ lórí àga. Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì wá. Ó wo ẹ̀yìn wọn, ó yí wọn padà, ó wo inú wọn fún ìgbà pípẹ́, kó tó wá gbójú sókè wo ojú mi.